Orí Kẹfà: Oru Kẹ́míkà Tó Ń Gba Abẹ́ Ilẹ̀ Wọlé

Endicott jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Susquehanna, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ IBM ti gbèrú, àwọn ará ìlú a sì máa fi yangàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti bí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe àwọn pátákó kéékèèké tí iná ń gbà nínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n sì fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára iṣẹ́ náà kò kéré. Lọ́dún 1979, ilé-iṣẹ́ náà fi tó ìjọba létí pé 4,100 gálọ̀nù ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà yìí ti dà sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jáde, wọ́n ń sẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n fi fà á bí ogún ọdún, kẹ́míkà tí wọ́n ti kó jáde ti pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju èyí tí wọ́n ní ó dà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo ayé kà á sí. Ẹni tí kò bá ti mu omi kànga náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó di ọdún 2002 kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ wò. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé TCE, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ irin, ń gòkè láti orí omi abẹ́ ilẹ̀, ó ń gba àárín iyẹ̀pẹ̀ kọjá, ó sì ń wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé àwọn tí wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ IBM rí. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tó ń fa oru náà dànù tó nǹkan bí 480.

Ọdún 23 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n kéde pé kẹ́míkà dà àti ìgbà tí wọ́n wo afẹ́fẹ́ ilé. Ní gbogbo àkókò yẹn, kẹ́míkà náà kò fara pamọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, wọ́n mọ apá ibi tó ń ṣàn lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ni ẹnikẹ́ni kò wò. Bí a ṣe ń wò ó, àti ohun tí à ń ṣe bí a bá rí nǹkan níbẹ̀, ni orí yìí dá lé.

Bí oru ṣe ń wọlé

Bí ènìyàn bá ṣí ìdérí gálọ̀nù bẹntiróòlù sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò ní pẹ́ tí òórùn rẹ̀ yóò fi gba gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dà á sílẹ̀. Díẹ̀ lára epo náà ti di oru, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Irú kẹ́míkà tó tètè ń di oru báyìí ni à ń sọ: benzene tó wà nínú bẹntiróòlù, TCE tí wọ́n fi ń fọ irin, àti PCE tí àwọn alágbàfọ̀ ńlá fi ń fọ aṣọ tí omi kò gbọdọ̀ kàn.

Nígbà tí irú wọn bá dà, tàbí tí táńkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bá ń jò, yóò máa rìn lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan omi. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà orí omi ló máa ń léfòó sí. Nígbà tí UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé èsì ìwádìí ilẹ̀ Ogoni ní Nàìjíríà jáde lọ́dún 2011, wọ́n sọ pé àwọn bá epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Nisisioken Ogale, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń pọn omi mu. TCE ní tirẹ̀ wúwo ju omi lọ. Lítà kan rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀. Yóò rì gba inú omi kọjá, yóò lọ jókòó sórí amọ̀ líle tàbí àpáta, yóò sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi náà lè gbé e jìnnà sí ibi tó ti dà, kí ó sì gbé e gba abẹ́ ilé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láti orí omi yẹn ni oru ti ń padà gòkè. Àlàfo wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, oru a sì máa lọ láti ibi tó ti pọ̀ sí ibi tí kò ti pọ̀. Bó bá ti dé abẹ́ kọnkéré, ilé fúnra rẹ̀ ni yóò fà á wọlé. Ní ìlú olótùútù, wọ́n ń mú inú ilé gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gba òkè jáde, òmíràn sì ní láti wọlé láti ìsàlẹ̀ dípò rẹ̀. Fáànù tó ń ti èéfín ilé ìdáná síta ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lára ògiri náà ń ṣe é. Agbára ìfà náà kéré jọjọ: kì í sábà ju Pascal 10 lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ gbogbo wa ní nǹkan bíi Pascal 100,000. Ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ló ń fà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ti oru le ju ti aláǹgbá lọ, nítorí ẹnu tó ń bá wọlé lè má hàn sójú: igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, etí páìpù tó gba inú kọnkéré kọjá, ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ojú ọjọ́ pàápàá ń dá sí i. Ní Loscoe, abúlé kan ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ bo ààtàn ńlá kan, gáàsì methane sì ń jáde lára pàǹtí tó ń jẹrà nísàlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1986, ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run fi ń tẹ ilẹ̀ ti já wálẹ̀ ní millibar 29 láàárín wákàtí 7. Ohun tó ń tẹ gáàsì náà mọ́lẹ̀ ti dẹwọ́. Ó rú jáde, ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọ bùngálò kan, iná kàn án, ó bú gbàmù. Ilé náà wó pátápátá, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì fara pa gidigidi.

Ohun tó ń ṣe fún ara

Irú ìbúgbàmù Loscoe kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni mímí oru díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún 2011, àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé TCE ń fa àrùn jẹjẹrẹ lára ènìyàn; ti kíndìnrín ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Benzene ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ bá sì ń jẹ TCE níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó lè di vinyl chloride, tí òun ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì tún burú ju TCE lọ.

Ọ̀rọ̀ aláboyún ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn jù lọ. Àwọn onímọ̀ EPA gbà pé TCE lè ṣèdíwọ́ fún bí ọkàn ọmọ inú oyún ṣe ń gbèrú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọkàn náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú, nígbà tí obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ní Endicott, ilé-iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ New York rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní àdúgbò náà, bákan náà ni jẹjẹrẹ kíndìnrín àti ti kórópọ̀n. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kẹ́míkà ló fà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ó tó láti mú kí èèyàn má fi ọ̀rọ̀ ilé tí aláboyún ń gbé falẹ̀.

Imú kò lè ṣọ́ ilé níbí. New York ti fi máíkírógíráàmù 5 TCE nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan ṣe òdiwọ̀n tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2015 wọ́n dín in kù sí 2. Kí imú ènìyàn tó gbọ́ òórùn rẹ̀, iye rẹ̀ ní láti ju òdiwọ̀n yìí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ òórùn nǹkan kan nílé òun, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìwádìí

Ìtàn ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ta ló ń lo ibí tẹ́lẹ̀? Ṣé ilé epo ni, ṣé ọgbà mẹkáníìkì, ilé ìtẹ̀wé, ilé tí wọ́n ti ń fọ irin, ààtàn? Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wúlò, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti pẹ́ ládùúgbò lè mọ ohun tí kò sí lórí ìwé kankan. Nínú ìlànà EPA, ilé tó bá wà láàárín mítà 30 sí omi abẹ́ ilẹ̀ tí irú TCE ti bà jẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fura sí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń lọ sínú ilẹ̀. Wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọlẹ̀, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ àárín iyẹ̀pẹ̀ jáde. Kí ó má lọ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ òkè ló ń jò wọ inú ọ̀pá náà, wọ́n ń tú gáàsì helium yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí helium bá fara hàn nínú ohun tí wọ́n fà, ẹnu ọ̀pá kò dí dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí ilé bá ti wà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n á lu ihò kékeré gba inú kọnkéré kọjá, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ohun tí wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ inú ilé ni agolo irin tí kì í dípẹtà, tó máa ń gba lítà 6. Wọ́n á ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e wá. Bí wọ́n bá ṣí i, yóò máa fa afẹ́fẹ́ yàrá mímu díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbé agolo sí abẹ́ kọnkéré, sí inú yàrá àti sí ìta. Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, kẹrosíìnì, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ń tú oru jáde fúnra wọn. Bí kẹ́míkà kan bá pọ̀ nínú yàrá ṣùgbọ́n tí kò sí lábẹ́ kọnkéré, inú ilé ni kí wọ́n ti lọ wá a. Ìdí nìyí tí olùwádìí fi ń wo inú kọ́bọ́ọ̀dù àti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kó tó gbé agolo kalẹ̀, tó sì ń bẹ onílé pé kó kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò.

EPA ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń ṣe ìfura: kí a ka ìdá 0.03 oru abẹ́ kọnkéré sí èyí tó lè wọlé. Ká ní wọ́n rí máíkírógíráàmù 1,000 TCE nínú kúbíìkì mítà kan lábẹ́ ilẹ̀ ilé. 1,000 lọ́nà 0.03 jẹ́ 30, ìyẹn sì jẹ́ ìlọ́po 15 òdiwọ̀n New York. Nínú ilé tó pọ̀ jù, èyí tó ń wọlé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìṣirò náà sí apá ibi tí kò ní tan ènìyàn jẹ ni.

Àyẹ̀wò ọjọ́ kan ńkọ́? Ilé kan ní Layton, ní ìpínlẹ̀ Utah, ló dáhùn ìbéèrè yìí jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí kẹ́míkà láti ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Hill ti bà jẹ́ ń gba abẹ́ àdúgbò náà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ra ilé náà, wọ́n to ẹ̀rọ kún inú àti abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, pàápàá nígbà òtútù, iye rẹ̀ a ti fò sókè ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹni tó bá wọn ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tó dákẹ́ ì bá kọ ìwé fún onílé pé kó sùn dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n tún ṣàwárí pé páìpù tí wọ́n rì láti fa omi kúrò nídìí ilé wà lára ọ̀nà tí oru náà ń gbà, láìdúró de kí ó rìn gba inú iyẹ̀pẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń fojú sí páìpù, kòtò omi àti ojú gọ́tà gidigidi. Àwọn ará Denmark náà ti rí irú rẹ̀ ní Skuldelev, níbi tí PCE ti ń gba inú páìpù omi ẹ̀gbin wọ ilé.

Nítorí náà, bí abẹ́ kọnkéré bá kún fún oru tí yàrá sì mọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kò yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. EPA fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀ láìdúró de ẹ̀rí kíkún. Owó àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta lè ju owó páìpù àti fáànù lọ, àwọn tó wà nínú ilé yóò sì ti mí afẹ́fẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta.

Dídá a dúró

Radon, gáàsì tó ń tú ìtànṣán, ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, Stanley Watras, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ iná nukilia Limerick ní Pennsylvania, bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí agogo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán dún. Bẹ́ẹ̀ kò tíì sí èròjà nukilia tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ilé ló ti ń gbé e bọ̀. Wọ́n wọn ilé rẹ̀, wọ́n sì rí i pé gáàsì radon tó ń jáde láti inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti kún ibẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò rí nínú ilé rí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí radon ni wọ́n wá lò fún TCE ní Endicott.

Ọgbọ́n náà ni pé kí wọ́n yí ìfà padà. Wọ́n á gé ihò sí kọnkéré, wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ki páìpù bíi ínǹṣì 3 tàbí 4 bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá òrùlé, wọ́n á sì fi fáànù sí i. Fáànù ń fa abẹ́ kọnkéré ju bí ilé ṣe ń fà á lọ, oru kò tún lè gòkè wọ yàrá. Òkè òrùlé ló ń tú sí, atẹ́gùn á sì fọ́n ọn ká. Fáànù kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí ènìyàn ń gbé, nítorí bí páìpù òkè rẹ̀ bá jò, inú ilé ni yóò máa tú oru sí. Lára páìpù náà ni wọ́n ń so ọ̀pá onígun U tí omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́. Bí omi apá méjèèjì bá wà ní ọgbọọgba, fáànù ti kú, ọmọdé ilé náà lè rí i kó sì pe bàbá rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó lọ, ó gbọ́dọ̀ lu ihò wínníwínní sí àwọn igun ilé tó jìnnà, kó wò ó bóyá ìfà náà dé ibẹ̀. Èyí ni wọ́n sábà máa ń fo, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà ṣe.

Dídí ibi tó sán ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣe é. Kọnkéré á tún sán. Gbígbára lé fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé náà ní ewu tirẹ̀. Ní Mountain View ní California, lórí ilẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé ti ba omi abẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbà kan, TCE kọjá òdiwọ̀n nínú ilé méjì tí Google ń lò, ní ìparí ọdún 2012 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2013, nígbà tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ilé náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Gbogbo èyí, ilé ló ń dáàbò bò. Kẹ́míkà ṣì wà nísàlẹ̀. Kíkó iyẹ̀pẹ̀ tó ti bàjẹ́ dànù, fífa oru jáde nínú ilẹ̀ ní orísun rẹ̀, tàbí fífa omi jáde kí wọ́n sẹ́ ẹ, ni yóò mú un kúrò, ó sì lè gba ogún ọdún. Fáànù ni àwọn ènìyàn ń fi mí títí ìgbà náà.

Ní ilẹ̀ tiwa

Ní Baruwa, ní Ìpájà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará àdúgbò ti ń rí epo nínú kànga wọn, lẹ́yìn tí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé epo kọjá níbẹ̀ jò. Omi tí wọn kò lè mu ni ìròyìn sábà máa ń sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀kọ́ orí yìí, ibi tí epo bá ti wà lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wọn yàrá tó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú.

Bẹntiróòlù ní ohun kan tí TCE kò ní. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀ máa ń jẹ oru rẹ̀ kíákíá bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀. Ìlànà EPA fún epo sọ pé, bí ẹsẹ̀ bàtà 6 iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ bá wà láàárín ìpìlẹ̀ ilé àti omi tí epo ti yọ́ sínú rẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ bàtà 15 bí ó bá jẹ́ epo gan-an ló léfòó, oru kì í sábà dé òkè. Àdúgbò tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti súnmọ́ òkè, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, kò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Kànga tó wà nínú ọgbà, tàbí bọhóòlù tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí ilé láìfi sìmẹ́ńtì dí etí rẹ̀, sì jẹ́ ọ̀nà tààrà tí kò kan iyẹ̀pẹ̀ rárá. Bí òórùn epo bá ń ti ibẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná, tan iná tàbí pa á. Kí gbogbo ilé jáde kí wọ́n tó pe àwọn panápaná.

Ojú fèrèsé tó máa ń ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru ti ń gba ilé wa lọ́wọ́ oru díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Yàrá tí wọ́n dí pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kò ní àǹfààní yẹn mọ́. Iná mànàmáná ló sì máa ba ọgbọ́n Endicott jẹ́ níbí, nítorí fáànù tí kò ní iná kò fa nǹkan kan. Ó dára, nígbà náà, kí ayàwòrán ilé má fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé sórí rẹ̀. Kí wọ́n tó da kọnkéré, kí wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n rì páìpù oníhò sáàárín rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ rọ́bà líle tí oru kò lè là kọjá lé e, kí wọ́n lẹ etí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n sì gbé páìpù náà jáde lókè òrùlé kí atẹ́gùn máa fà á. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn lẹ́yìn náà pé ìyẹn kò tó, fáànù tí wọ́n máa so mọ́ ọn kì í jẹ iná ju gílóòbù àtijọ́ kan tàbí méjì lọ. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì tó bá agbára rẹ̀ mu lè gbé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, ìlọ́po owó ni iṣẹ́ yìí yóò gbà.